Ẹja Tí Bàbá Mi Kò Gbà

Ní ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Igbókọ̀dá, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀gá kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ elépo rọ̀bì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síwájú ilé ẹ̀kọ́ wa, tó sì ní kí wọ́n kọ orúkọ òun gàdàgbà sára táńkì rẹ̀. Àwọn kan ní ọkùnrin náà ń wá òkìkí ni, pé bí kì í bá ṣe òkìkí, kí ni orúkọ ń ṣe lára táńkì? Àwọn kan ní ẹ jẹ́ ká mumi, ká dákẹ́. Olùkọ́ kan tó wá láti òkè, ọmọ tó gbọ́n lójú ara rẹ̀, a máa fọwọ́ gbá tábìlì pé kò sí ẹni tó ń ṣe ènìyàn lóore lásán láyé yìí. Ó ní ẹni tó ń ṣe é nítorí Ọlọ́run pàápàá, ọ̀run ló ń wá. Èkejì rẹ̀ á ní irọ́ ni, pé ìyá òun ṣoore títí ó fi kú, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn á wá kọjú sí mi, pé kí èmi tí mo dàgbà jù dá sí i.

N kì í dá sí i. Inú ló máa ń bí mi. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọn kò lórí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń la ayé sí méjì yẹn, olóore lápá kan, anìkànjọpọ́n lápá kejì, mo mọ̀ pé wọn kò tíì rí ẹja rí. Ẹja inú ọbẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Èmi rí ẹja kan níwájú ọkọ̀ bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin. Ọ̀bọ̀kún ni, ojú rẹ̀ ṣì ń dán, àwọn ọkùnrin méjì sì ń tì í síra wọn bí ẹni ń ti ẹ̀sùn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa oore, ara ẹja yẹn ni mo ti kọ́ ọ. Ta ni mo fẹ́ sọ ìyẹn fún láàárín aago ìsinmi sí aago wíwọlé?

Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, ní ìletò kan tí wọ́n kọ́ gbogbo ilé ibẹ̀ sórí òpó, tó jẹ́ pé pákó la fi ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Bí ènìyàn bá fẹ́ lọ sí Òde Ugbò, ọkọ̀ ni. Bó bá fẹ́ nájà ní Igbókọ̀dá, ọkọ̀ ni. Bó bá fẹ́ sin òkú, ọkọ̀ ni. Nígbà tí mo gbọ́njú, àwọn elépo ti dé. Iná gáàsì wọn ń jó lójú òkun bí ẹni pé oòrùn kan gbàgbé láti wọ̀. Epo ti ń lẹ̀ mọ́ àwọ̀n wa, ẹja sì ti sá jìnnà. Ibi tí bàbá bàbá mi ń fi àjẹ̀ tukọ̀ dé láyé ọjọ́un, tó ti ń kó ẹja bọ̀ fún tìyàwó-tọmọ, ó ti di ibi tí à ń gbà kọjá. Ẹ́ńjìnnì ló kù tí ènìyàn fi lè wá ẹja lọ. Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún náà, ìwà ọkọ tó mutí ló ń hù: ó lè gbé ọ lọ, kó má gbé ọ bọ̀.

Ìdí nìyí tí òfin ẹja okùn fi le láàárín wa. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú mọ́ apẹja lọ́wọ́ lójú òkun, yóò bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, yóò so ó mọ́ àjẹ̀, yóò nà án sókè. Ẹni yòówù tó bá rí i, ìbáà jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, gbọ́dọ̀ yà lọ síbẹ̀, kó ju okùn sí i, kó fà á wálé. Kì í bèèrè nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé èbúté, ẹni tí wọ́n fà yóò mú ẹja kan nínú ẹja rẹ̀, kì í ṣe èyí tó tóbi jù, kì í ṣe èyí tó kéré jù, yóò tẹ́ ẹ síwájú ọkọ̀ ẹni tó fà á. Bí kò bá rí ẹja pa lọ́jọ́ náà, ọjọ́ tó bá pa á ni yóò mú un wá. Wọn yóò se ẹja yẹn lọ́jọ́ náà gan-an nílé ẹni tó fà á, wọn yóò bu orí rẹ̀ sínú abọ́ pẹ̀lú omi ọbẹ̀, wọn yóò gbé e padà lọ fún ẹni tó fún wọn. Ìyẹn náà yóò jẹ orí. Bí ó bá ti jẹ ẹ́, a óò ní okùn ti jẹun. Ọ̀rọ̀ parí.

Èmi ni wọ́n sábà máa ń rán lọ gbé orí ẹja, nítorí ọwọ́ mi kì í gbọ̀n lórí pákó, ọbẹ̀ kì í dànù. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín sí mi nílé tí mo bá gbé e lọ, wọ́n á bu púpurú fún mi jẹ.

Ẹ bá mi wò ó. Ta ló ṣoore níbẹ̀? Ẹni tó fa ọkọ̀ gba ẹja. Ẹni tó fúnni lẹ́ja gba orí padà. Bí ẹ bá gbé e síwájú olùkọ́ wa tó ń gbá tábìlì, yóò ní òwò ni. Àwọn àgbà wa kò bèèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn rí i dájú pé ẹni tí a ràn lọ́wọ́ tún lè gbójú sókè wo ẹni tó ràn án lọ́wọ́.

Bàbá mi àti ọkùnrin tó ń gbé ilé kejì sí tiwa jọ dàgbà ni. Pákó kan ló wà láàárín ilé méjèèjì, àwọn méjèèjì ló sì jọ gbé e lélẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá mi yìí kúrú, ó lẹ́nu, ó sì ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Bí bàbá mi bá fà á wálé, tí mo bá gbé orí ẹja lọ fún un, yóò jẹ ẹ́ tán, yóò wá kígbe láti ilé rẹ̀ sí ìyá mi pé, "Ìyàwó mi, ata ọbẹ̀ rẹ éè tó o! Ọ̀la, mo tún máa ba ẹ́ńjìnnì jẹ́!" Ìyá mi á fèsì pé bí ata kò bá tó o, kó wá lọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ìyá mi àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń yan ẹja lórí ààrò kan náà ni, èéfín kan náà ló ń pọ́n wọn lójú. Nígbà mìíràn, òun náà a máa fa bàbá mi wálé. Kò sí ẹni tó ń ka iye ìgbà.

Bàbá mi ga, kì í sì í ṣe nǹkan níwọ̀n. Bó bá fẹ́ bá ọ tún òrùlé ṣe, á tún un ṣe títí ìwọ fúnra rẹ á fi bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Ọkàn rẹ̀ dára, n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Mo rí i tó fi àwọ̀n tó ti kún sílẹ̀ nínú omi nítorí pé ó rí ẹ̀wù lórí àjẹ̀ ẹlòmíràn lókèèrè.

Lọ́dún kan, oníwàásù kan wá láti òkè, ó dúró lọ́dọ̀ wa fúngbà díẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn. Ó ní oore tí ènìyàn bá gba nǹkan nídìí rẹ̀, ẹni náà ti jẹ èrè rẹ̀ tán, kò sí ohun tó kù fún un lókè. Ọ̀rọ̀ yìí wọ bàbá mi lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú burúkú wo ẹja okùn, bí ẹni pé gbogbo ẹja tó ti gbà láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ná ọ̀run rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó fa àjèjì kan wálé, ará ìhà Òde Màhín, tí ìyẹn tẹ́ ẹja síwájú ọkọ̀, bàbá mi gbé ẹja padà fún un níṣojú gbogbo èbúté. Ó ní nítorí Ọlọ́run lòun ṣe fà á. Àwọn ènìyàn hó yèè. Àjèjì náà dọ̀bálẹ̀, ó gbé ẹja rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá mi rìn wálé lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi joyè, àwa ọmọ rẹ̀ sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn tìlù-tìlù, inú wa dùn pé kò sí bàbá tó dà bíi tiwa.

Ìyá mi kò hó. Ó ń fẹ́ iná ààrò lọ́wọ́ nígbà tí a dé, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Okùn tí éè jẹun," ó ní, "ọrùn ló ń wá."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ìyá ọma, Ọlọ́run á san án fún mi."

"Ọlọ́run éè jẹ ẹja," ni ìyá mi wí, ó sì ń fẹ́ iná rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ́ńjìnnì ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú. Ọ̀sán ni, òjò ti ń ṣú, gbogbo wa ti jáde sí èbúté nítorí bàbá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ́ dé. Nígbà tí a rí ọkọ̀ méjì tí okùn so pọ̀, tí bàbá mi wà níwájú, ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó ń dúpẹ́. Ọ̀rẹ́ bàbá mi fò sílẹ̀, ó ń pa àwàdà rẹ̀ lọ. Ó mú ọ̀bọ̀kún kan, ó tẹ́ ẹ síwájú ọkọ̀ bàbá mi.

"Jẹ́ kí okùn jẹun, ọ̀rẹ́ mi."

Bàbá mi gbé ẹja náà, ó dá a padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. "Gbé e lọ s'ulé fún àwọn ọma rẹ. Nítorí Ọlọ́run ni."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò pé eré ni. "Ùwọ ọkùnrin yìí, eré rẹ pọ̀." Ó tún tẹ́ ẹja náà síbẹ̀. Bàbá mi tún dá a padà. Àwọn ènìyàn ti ń rọ́ wá. Àwọn kan ti ń múra àtihó bíi ti ìjọ́sí. Nígbà tí ẹja náà padà lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rẹ́ bàbá mi kò rẹ́rìn-ín mọ́. N kò tíì rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ojú ọkùnrin tí wọ́n bọ́ láṣọ láàárín ọjà. Ó rọra sọ̀rọ̀.

"Kí ni ùwọ fẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an?"

"Mi éè fẹ́ nǹkan kan."

"Àjèjì lo lè wí ìyẹn fún. Èmi ńkọ́?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ẹni mímọ́ tó máa ń rín láyé ìgbà yẹn. Ó kó àwọ̀n rẹ̀, ó ń lọ sílé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ẹja náà sórí òpó tí a ń so ọkọ̀ mọ́, òun náà sì lọ. Ìyàwó rẹ̀ kò lè sè é, nítorí ẹja tí a ti fi tọrẹ kì í ṣe tẹni mọ́. Ìyá mi kò lè sè é, nítorí ọkọ rẹ̀ kò gbà á. Ẹja tó tó ọbẹ̀ ilé méjì wà lórí òpó, eṣinṣin bò ó, ó ń rùn. Lọ́jọ́ kejì ẹnì kan fẹsẹ̀ tì í sómi. Ó dùn mí títí di òní pé ìyá mi kò kàn gbé e sínú ìkòkò, kó sè é, kó rán mi.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀rẹ́ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà láti san oore náà. Ó gé igi ẹ̀gbà wá fún ààrò wa. Bàbá mi dúpẹ́, ó sì gé ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ fún un. Ó bá wa tún àwọ̀n ṣe nígbà tí bàbá mi kò sí nílé. Bàbá mi lọ kan òrùlé rẹ̀. Kò sí bí ọkùnrin náà ṣe lè ṣe é tó máa fi bọ́. Àwàdà rẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀. Bó bá rí bàbá mi lórí pákó, yóò dúró kí bàbá mi kọjá tán, bí ọmọdé ti ń dúró fún àgbà. Bàbá mi sì rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Nígbà tí epo tún ya lu omi wa, iléeṣẹ́ náà ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí yóò máa gbẹnu sọ fún wọn. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni gbogbo ènìyàn pè, nítorí ẹnu rẹ̀ mú, kò sì bẹ̀rù aṣọ funfun àwọn elépo. Ó wù ú, gbogbo wa rí i pé ó wù ú. Ṣùgbọ́n ó dìde láàárín ìpàdé, ó ní òun fi í sílẹ̀ fún bàbá mi. Bó ṣe wo bàbá mi nígbà náà, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ́ ẹja síwájú ọkọ̀ ni. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà á. Ọmọdé ni mí, mo sì mọ̀.

Bàbá mi kò mọ̀. Tàbí ó mọ̀. Ó ní, "Mo ti wí fún ọ ná, mi éè fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ bàbá mi jókòó. Ẹlòmíràn ni wọ́n yàn, ẹni tí kò wúlò fún wa ní nǹkan kan. Nígbà tí ìpàdé tú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá bàbá mi dúró, ó ní, "Ó ti yé mi báyìí. Ùwọ fẹ́ kí n kú sábẹ́ oore rẹ." Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Pákó tó wà láàárín ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, kò sí ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó já sómi, kálukú ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, n kò sí níbẹ̀. Ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ó ń bọ̀ wálé láti ojú òkun nígbà tó rí ọkọ̀ kan tó dúró sójú kan. Ó mọ ọkọ̀ náà láti òkèèrè nítorí ọ̀dà pupa etí rẹ̀, òun ló bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kùn ún nígbà ayé rere. Ó rí i pé wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sókè kúrò nínú omi, ọkùnrin náà sì tẹ̀ sórí rẹ̀. Bàbá mi dín iná tirẹ̀ kù, ó sún mọ́ ọn títí wọ́n fi lè gbóhùn ara wọn.

"Ṣé kò sí wàhálà?"

"Kò sí."

"Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

"Mo ń sinmi ni."

Àjẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀wù wà lọ́rùn rẹ̀. Kò so ọ̀kan mọ́ èkejì.

Àwa kì í ju okùn sí ẹni tí kò na àjẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé apẹja lè dúró de àwọ̀n rẹ̀, bí ènìyàn bá lọ ju okùn sí i, ó ń bú u pé kò mọ iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin kì í fọ́jú ẹni. Bàbá mi rí ẹ́ńjìnnì. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó dúró díẹ̀. Ó ní gbólóhùn kan wá sí òun lọ́fun: "Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n fà ọ́, ẹja rẹ ń wù mí jẹ." Ìyẹn náà ni. Bó bá sọ ọ́, ọkùnrin yẹn ìbá rẹ́rìn-ín, ìbá bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní ó dé òun ní ọ̀nà ọ̀fun, òun gbé e mì. Ó rò pé ẹlòmíràn yóò kọjá. Ó gbọ́wọ́ sókè, ọkùnrin náà gbọ́wọ́ sókè, bàbá mi sì wá sílé.

Ìjì jà ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ọkọ̀ tó lè jáde ló jáde lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi ló ṣíwájú wọn. Àwọn ará ìletò kan ní apá ìlà-oòrùn ni wọ́n rí ọkọ̀ náà. Wọ́n ti ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, àjẹ̀ sì há sábẹ́ ìjókòó, kò sí aṣọ kankan lára rẹ̀. Òkun dá ọkọ̀ padà, kò dá ẹni tó ni ín padà.

Bàbá mi gbé oúnjẹ lọ fún ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó di opó. Opó náà dúpẹ́, ó dá a padà. Bàbá mi ní òun yóò máa bá a wá ẹja. Ó dúpẹ́, ó ní àbúrò òun wà. Kò bú u, kò pariwo, ó ń pè é ní "bàbá àwọn ọmọ" bó ṣe máa ń pè é. Gbogbo ohun tí bàbá mi bá nà sí i, ó ń padà. Mo rò pé ìgbà yẹn ni bàbá mi kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń rí kí ènìyàn dúró lébùúté kí ẹja rẹ̀ máa padà sí i lọ́wọ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilé wa. Ó kó ìlà iwájú lọ, ó kó ilé àdúrà, ó wá kan òpó ilé opó náà. Opó náà ní òun àtàwọn ọmọ òun yóò lọ máa gbé ní Igbókọ̀dá. Lọ́jọ́ tó ń di ẹrù, bàbá mi wọ ọkọ̀ kékeré, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Kò sí pákó mọ́, nítorí náà a tukọ̀ yí lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bàbá mi kò jókòó. Ọkùnrin gíga yẹn kúnlẹ̀ lórí pákó ilé obìnrin náà.

Ó ní, "Ẹja mi ni mo wá gbà."

Opó náà wò ó. Ó ní, "Ẹja yẹn ti rà."

"Mo mọ̀. Jọ̀ọ́, fún mi lẹ́ja. Éè yẹ kí gbèsè okùn wà lọ́rùn ọkọ rẹ níbi tó wà."

Mo rò pé yóò lé wa jáde. Ó wọlé, ó tú ẹrù tó ti dì, ó mú ọ̀bọ̀kún yíyan kan jáde, kì í ṣe èyí tó tóbi jù, kì í ṣe èyí tó kéré jù. Kò fi lé bàbá mi lọ́wọ́. Ó sọ̀kalẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú ọkọ̀ wa, bó ti yẹ kó rí. Ó ní, "Tìtorí rẹ̀ ni. Éè ṣe tìtorí rẹ."

Ìyá mi sè é lójú ẹsẹ̀, kò bèèrè nǹkan kan, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú èéfín. Bàbá mi jẹ ẹ́ tegungun-tegungun, ó ń sunkún, ó ń jẹ ẹ́. Ìyá mi bu orí rẹ̀ sínú abọ́, ó ní kí n máa gbé e lọ. Opó náà dúró gbà á, ó jẹ ẹ́ lóòró, ó fá eegun rẹ̀ mọ́. Ó wá bi mí bóyá bàbá mi jẹ tirẹ̀. Mo ní ó jẹ ẹ́. Ó ṣan abọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Okùn ti jẹun," ó ní. "Wí fún bàbá rẹ pé ilé àwa méjèèjì éè jẹra ní gbèsè kankan mọ́."

Mo tukọ̀ wálé tayọ̀tayọ̀. Mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ni mo gbé bọ̀. Èmi tí mo ti gbé orí ẹja láti ìgbà tí mo ti lè rìn lórí pákó, mo mọ̀ pé bí okùn bá ti jẹun, ẹ̀rín ló kàn. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bàbá mi wolẹ̀. Ó wá bojú wo ilé tó kọjú sí tiwa, níbi tí wọ́n ti ń sọ ẹrù sínú ọkọ̀, kò sì sí ohun tó lè gbé lọ síbẹ̀ mọ́, kò sí ohun tí wọ́n lè gbé wá.

Ẹ wí fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi pé n kò mọ bóyá oore lásán wà. Mo mọ̀ pé oore bàbá mi kì í ṣe irọ́. Mo sì mọ̀ pé ó fẹ́ dá nìkan jẹ́ olóore, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣoore fún òun, ìyẹn náà sì ni ìmọtara-ẹni-nìkan tó burú jù tí mo tíì rí. Ìlú kan náà lèmi àti opó yẹn jọ ń gbé báyìí. Mo máa ń rí i lọ́jà Igbókọ̀dá, ó ti darúgbó. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, á sì dá mi lóhùn dáadáa, á bèèrè iṣẹ́, á bèèrè ọmọ. Nígbà tí bàbá mi kú, mo lọ sọ fún un. Ó ní, "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere." Ó wá yíjú sí ẹja tó ń tà, ó ń lé eṣinṣin kúrò lórí rẹ̀.